Erékùṣù Toronto: èbúté wo ló yẹ ká sọ̀ sí?

Ìbéèrè: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Toronto. A fẹ́ lọ ṣeré ní erékùṣù lọ́jọ́ Sátidé: àgbà mẹ́rin, ọmọdé mẹ́ta, àti màmá àgbà tí orúnkún ń yọ lẹ́nu. A gbọ́ pé mọ́tò ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi wo ni ká wọ̀ nínú mẹ́ta tó ń lọ síbẹ̀: ti Centre Island, ti Ward's Island, àbí ti Hanlan's Point?

Alárìnkiri: Ẹ kú ìmúra. Èbúté Jack Layton ni gbogbo wọn ti ń gbéra, ní ìsàlẹ̀ Bay Street. Ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn ín láti Union Station ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Ìyẹn á yọ yín nínú ìlà ìsanwó, àmọ́ ìlà ọkọ̀ ṣì wà níwájú o. Kò sí aago lórí tíkẹ́ẹ̀tì náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń kọ́kọ́ wọ̀. Tí oòrùn bá mú, kó tó di aago 11, ìlà Centre Island á ti gùn gbọọrọ.

Ìyá Ìbejì: Torí Centreville, ọgbà eré àwọn ọmọ, ni èrò fi ń rọ́ lọ sí Centre. Tí àwọn ọmọ ò bá ní gùn nǹkan kan níbẹ̀, Ward's Island ni kẹ́ ẹ gbà. Etíkun ò jìnnà sí èbúté rẹ̀, ara á tu màmá. Ní Centre, odidi ọgbà lẹ máa là kọjá, kẹ́ ẹ tún gba orí afárá, kẹ́ ẹ tó rí yanrìn. Ti Hanlan's Point, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú màmá lọ síbẹ̀ láìbéèrè: apá kan etíkun ibẹ̀ wà tí òfin ti gba àwọn èèyàn láyè láti bọ́ra sílẹ̀ pátápátá.

Oníbéèrè: Háà! Ẹ ṣeun mà. Ìpadàbọ̀ ńkọ́?

Alárìnkiri: Wọn kì í gba owó ìpadàbọ̀, inú ti àlọ ló wà. Torí náà, èbúté tó bá wù yín lẹ lè gbà padà. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni Centre máa ń kún jù. Ẹni tẹ́sẹ̀ rẹ̀ bá le lè rin nǹkan bí ìdajì wákàtí láti ibẹ̀ dé Ward's. Ẹ mú tapólì dání, kì í ṣe aṣọ títẹ́: ìgbẹ́ pẹ́pẹ́yẹ igbó pọ̀ lórí koríko, omi rẹ̀ sì máa ń wọnú aṣọ. Ẹ bo ìrẹsì dáadáa, torí àwọn pẹ́pẹ́yẹ náà ń sún mọ́ oúnjẹ. Ẹ mú súwẹ́tà fún màmá náà, atẹ́gùn adágún tutù ju ti ìgboro lọ.