Báwo ni mo ṣe lè fi cmd (ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows) mọ̀ bóyá Windows 10, 11 tàbí Server ló wà lórí ẹ̀rọ?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, fáìlì .bat kan (àkójọ àṣẹ cmd) ni mò ń kọ, ó sì gbọ́dọ̀ mọ Windows tó wà lórí ẹ̀rọ kó tó ṣe ohunkóhun.

Tí mo bá tẹ ver, ohun tó ń gbé jáde nìyí:

Microsoft Windows [Version 10.0.22631.3447]

10.0 yẹn ló ń ṣini lọ́nà, torí Windows 11 náà ṣì ń pe ara rẹ̀ ní 10.0. Nọ́ńbà kẹta ni kéèyàn wò: láti 22000 lọ sókè, 11 ni. Mo tún yẹ registry wò, ibi tí Windows ń kó ètò rẹ̀ pamọ́ sí:

reg query "HKLM\SOFTWARE\Microsoft\Windows NT\CurrentVersion" /v ProductName

Irọ́ gbuu! "Windows 10 Pro" ló kọ síbẹ̀ lórí ẹ̀rọ 11. DisplayVersion, tó wà níbẹ̀ kan náà tó ń sọ ẹ̀dà (bíi 22H2), kì í parọ́ ní tiẹ̀, àmọ́ 10 ní 22H2, 11 náà ní in. Ká ní ti tẹ́lẹ̀ ni, àṣẹ wmic os get Caption, tó ń sọ orúkọ Windows, ì bá parí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Microsoft ti ń yọ wmic kúrò díẹ̀díẹ̀.

Ibi tí mo há sí rèé: 26100 ni Windows 11 24H2, 26100 náà ni Windows Server 2025. Nọ́ńbà nìkan ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣé kí n gbára lé InstallationType, tó wà nínú registry kan náà, tó ń sọ Client tàbí Server? Àbí ẹ mọ ọ̀nà mìíràn tí kò ní gba inú PowerShell? Ẹ má wulẹ̀ dárúkọ àṣẹ systeminfo. Ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́, àmọ́ ó ń fà bí ìgbín.