Ìlà tó gba ojú ọ̀gbun kọjá

Àwọn èèyàn máa ń sọ ìrírí wọn nípa fáìlì GPX, ìyẹn fáìlì tó ń gbé ipa ọ̀nà tí ẹnì kan rìn sórí máàpù fóònù; èmi náà ní tèmi láti sọ. Ojú mi rí nǹkan débi pé títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá fún mi ní fáìlì, àfi kí n kọ́kọ́ tú inú ẹ̀ wò.

Ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ mi kan ló fi irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Kìlómítà 14, àlọ àti àbọ̀. Ó ní ọ̀nà náà ò ní wàhálà. Mo gbé e sórí fóònù, ìlà pupa yọ lórí máàpù, ó wù mí. Èmi àti àbúrò mi bọ́ sọ́nà ní kùtùkùtù. Fún bíi wákàtí méjì, à ń rìn, à ń tàkúrọ̀sọ, kò sẹ́ni tó ń wo ilẹ̀ dáadáa. Fóònù ṣáà mọ̀nà.

Àfi bá a ṣe dé etí òkè kan. Fóònù ní a ò tíì yà kúrò lórí ìlà, ká máa lọ tààrà. Níwájú wa, òkúta já sílẹ̀ bí ògiri, mi ò rí ìsàlẹ̀ ẹ̀. Òjò sì ti ń ṣú. Àbúrò mi wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ ká fò ni?" Mi ò rérìn-ín.

Ohun tó yọ wá ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ní kí fóònù máa ṣàkọsílẹ̀ ibi tá a bá gbà. Ipa ẹsẹ̀ tiwa yẹn la tọ̀ padà. Bátìrì ti ku 19 nínú 100, mo bá yí fóònù sí airplane mode, ìyẹn ni pé mo pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀. Àbúrò mi pariwo pé GPS, ohun tó ń jẹ́ kí fóònù mọ ibi tá a wà, máa kú. Kò kú. Fóònù kàn ń gbọ́ ohun tí sátẹ́láìtì ń sọ láti nǹkan bí 20,200 kìlómítà lókè ni, kì í dá wọn lóhùn. Máàpù náà ti wà lórí fóònù látilé. Ibi tó ti le díẹ̀ ni abẹ́ àwọn igi ńlá: àmì wa ń ta síhìn-ín ta sọ́hùn-ún, nígbà míì ó gbé wa sáàárín odò.

Nígbà tá a délé, mo ṣí fáìlì náà bí ẹni ṣí ìwé. Ọ̀rọ̀ lásán ló wà nínú ẹ̀. Gbogbo ibi tẹ́ ẹ bá ti rí trkpt, ojú ibì kan nìyẹn: lat àti lon ẹ̀, nọ́ńbà méjì tó ń sọ ibi tó wà láyé, wà níbẹ̀, ele ni gíga ẹ̀, time sì ni àsìkò tí ẹni tó rìn ín débẹ̀. Mo kà wọ́n. 38 péré fún kìlómítà 14! Tiwa tí fóònù kọ lọ́jọ́ náà ju 3,000 lọ. Kò sì sí time kankan nínú tiẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn mìíràn máa ń yọ ọ́ kí wọ́n tó pín fáìlì, àwọn kan sì ń dín ojú àmì kù kó lè fúyẹ́, ṣùgbọ́n 38 ti kéré jù. Ojú àmì kẹtàlélógún wà létí ọ̀gbun níhìn-ín, èyí tó tẹ̀ lé e wà lódì-kejì. Fóònù kàn fa ìlà tààrà so wọ́n pọ̀ ni, òun ò mọ̀ pé ọ̀gbun wà láàárín.

Mo pe ẹni tó fi ránṣẹ́. Ó ní òun náà gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíì ni, òun ò rìn ín rí. Họ́wù! Ẹni tó sọ fún mi pé ọ̀nà ò ní wàhálà!

Mo fi ipa ẹsẹ̀ tiwa ránṣẹ́ sí i. Mo ti gé ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kúrò, torí ẹnu ọ̀nà ilé mi ni mo ti tẹ bọ́tìnì ìgbàsílẹ̀. Níbi tó parí sí, mo fi àmì kan sí i, mo kọ ọ́ sí i pé: "Ọ̀gbun. Ẹ padà níbí."