Ta ló dúró tì yín nígbà tí orí dàrú?

Télọ̀ Àjàṣẹ́: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹni tí orí rẹ̀ bá ti dàrú rí, tàbí tí ìbànújẹ́ ti dá dùbúlẹ̀ débi pé kò lè dìde wẹ̀, ta ló ràn yín lọ́wọ́ jù? Dókítà, ẹbí, àbí ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣe rí? Nítorí àbúrò mi ni mo ṣe ń béèrè. Ó ń lo oògùn, ṣùgbọ́n kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nínú ilé.

Ìyá Ìbejì Kétu: Lẹ́yìn tí mo bí àwọn ìbejì, oorun dá lójú mi. Kò pẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé wọ́n ti pààrọ̀ àwọn ọmọ náà. Ìyá ọkọ mi ní ayé ló ń ṣe mí. Wọ́n gbé mi lọ sí ilé àdúrà kan, wọ́n ní kí n gbààwẹ̀, èmi tí mò ń fún ọmọ méjì lọ́yàn! Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló wá gbé mi dé ilé ìwòsàn. Oògùn ṣiṣẹ́, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ojú mi wálẹ̀ tán ni ìtìjú dé, mi ò lè yọjú síta.

Ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ lọ́jà ló wá kí mi. Kò gbàdúrà, kò gbà mí nímọ̀ràn. Ó gba ọmọ kan lọ́wọ́ mi, ó gbé e lé èjìká, ó ní, "Ta lo ní ó pààrọ̀ wọn?" Mo dákẹ́. Ó ní, "Èmi o, ìyá mi ni mo fẹ̀sùn kàn. Mo ní ó ti ta ọmọ mi, ó sì ra òmíràn dípò." Bí mo ṣe bú sẹ́rìn-ín nìyẹn. Òun náà ló kìlọ̀ fún mi pé kí n má tìtorí pé ara yá kí n dá oògùn dúró. Òun dá tirẹ̀ dúró, ó sì padà dé, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ọmọ Ọ̀párá: Ó ta ọmọ, ó ra òmíràn dípò! Ẹ bá mi kí ẹlẹ́kọ yẹn o.

Alàgbà Ìta: Ìtàn yẹn dùn, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Àwọn baba wa ní wèrè tó bá ti wọ ọjà kò gbóògùn mọ́. Báwo ni ẹni tí orí tirẹ̀ kò pé ṣe máa tọ́jú ẹlòmíràn?

Ìyá Ìbejì Kétu: Bàbá, ṣé èmi lẹ ń pè ní ẹni tí orí rẹ̀ kò pé? Ọjà yẹn náà ni mo ń ná, mo sì ń ṣírò owó dáadáa.

Ọmọ Zémidjan: Haa! Alàgbà ti bọ́ sí i.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Alàgbà, ẹ yà ní Avrankou lọ́jọ́ kan, kò jìnnà sí Àjàṣẹ́. Ibùdó Saint Camille wà níbẹ̀, tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú, ti Grégoire Ahongbonon. Ọkùnrin yẹn kì í ṣe dókítà, táyà ló ń lẹ̀ ní Bouaké, lọ́dọ̀ àwọn ará Àbíjàn. Ó ra takisí, okòwò náà dẹnu kọlẹ̀, ìbànújẹ́ sì mú un débi pé ó fẹ́ gbẹ̀mí ara rẹ̀. Nígbà tó rí ìmọ́lẹ̀ padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn tí ń rìn níhòòhò kiri ìgboro, ó sì ń tú àwọn tí wọ́n fi ṣẹ́ẹ̀nì so mọ́ igi lábúlé. Àwọn tó ti wọ ọjà gan-an! Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wẹ̀ fún aláìsàn, tó ń há oògùn fún wọn láwọn ibùdó yẹn, aláìsàn ni wọ́n gbé àwọn náà wọlé.

Ọmọ Alákétu: Kétoukpé ni wọ́n bí Grégoire. Ẹ gbọ́ Kétu níbẹ̀, àbí ẹ ò gbọ́?

Ọmọ Ọ̀párá: Wọ́n ti dé o. Ẹni tó bá ti ṣe dáadáa, Kétu ni wọ́n bí i. Orúkọ ló jọra, ọ̀gbẹ́ni.

Ọmọ Alákétu: Ṣábẹ̀ẹ́ ń jowú.

Alàgbà Ìta: Mo ti gbọ́ ti Avrankou. Mo sì mọ Àró, ilé ìwòsàn àwọn tí orí wọn dàrú ní Abẹ́òkúta, wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ síbẹ̀. Ní 1954 ni Dókítà Lámbò bẹ̀rẹ̀ sí í fi aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé, ìbátan aláìsàn náà kan á sì tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n dókítà wà nítòsí! Ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ta ló ní kí dókítà máa lọ? Oògùn wà láyè tirẹ̀.

Ọmọ Zémidjan: Dókítà gan-an, kì í rí gbogbo rẹ̀. Wọ́n fún mi ní Haldol, oògùn orí tó dàrú, ọrùn mi yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gan pa, itọ́ ń dà lẹ́nu mi. Màmá mi ní ẹ̀mí burúkú náà ti padà. Bọ̀ọ̀dá tí ibùsùn rẹ̀ kọjú sí tèmi ló pariwo pé, "Oògùn ni, ó ṣe èmi náà bẹ́ẹ̀, ẹ pe nọ́ọ̀sì!" Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ míì, ọrùn sì tú. Àwa méjèèjì ṣì ń pe ara wa di òní.

Télọ̀ Àjàṣẹ́: Zémidjan, jọ̀ọ́, ṣé o lè yà sílé wa?

Ọmọ Zémidjan: Màá yà. Má sọ fún un pé mo ń bọ̀ wá wò ó o. Sọ pé mo fẹ́ rán ṣòkòtò.

Àǹtí Pọ́bẹ̀: Gbogbo yín ń pàtẹ́wọ́. Ta ló máa fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́mọ fẹ́ nínú yín? A kì í wádìí ìdílé mọ́ ni?

Ìyá Ìbejì Kétu: Ẹ wádìí. Nígbà tí ẹ bá ń wádìí, ẹ wádìí bàbá ọkọ tó ń mu sódàbì láti òwúrọ̀. Ìyẹn kò já mọ́ nǹkan lójú yín.

Ọmọ Ọ̀párá: Ẹ fi sódàbì sílẹ̀ o!

Àǹtí Pọ́bẹ̀: Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ọmọ mi obìnrin ló wà ńlẹ̀ tí wọ́n ń bọ̀ wá tọrọ, ẹ̀gbọ́n ọkọ ìyàwó sì ti ṣàìsàn yìí rí. Ọkàn mi ò balẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ pe ẹ̀gbọ́n náà, kí ẹ bá a jẹun. Ẹ ó rí i fúnra yín bó ṣe wà.

Ẹlẹ́rù Àdìrẹ: Ohun kan wà tí ẹ ò sọ. Mo dúró ti ọ̀rẹ́ mi kan, ó ń pè mí lóru, mò ń gbé e. Kò pẹ́, oorun tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, bẹ́ẹ̀ àìsùn ló ń fa àìsàn tèmi. Mo ní, "Ọ̀rẹ́ mi, tílẹ̀ bá ti ṣú, ẹ̀gbọ́n rẹ ni kí o pè. Tílẹ̀ bá mọ́, pè mí." Ó bínú. Ó padà gbà.

Ìyá Ìbejì Kétu: O ṣe é re. Ẹlẹ́kọ mi náà, tó bá ti rẹ̀ ẹ́, ilé rẹ̀ ló ń gbà lọ, kì í tọrọ gáfárà.

Àlejò: Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni wọ́n ti ń ta Largactil, oògùn orí yẹn, lówó pọ́ọ́kú?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Má ra á lọ́wọ́ àwọn tí ń gbé oògùn kiri nínú agbọ̀n o! O ò mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é. Mú ìwé dókítà lọ sí ilé oògùn.

Àlejò: Àna mi ló ń tajà nílé oògùn àdúgbò wa.

Ọmọ Zémidjan: Wá, màá gbé ọ lọ sí òmíràn. Owó epo nìkan ni wàá san.