Fọ́tò mẹ́rin nínú fáìlì kan: ẹ sọ ìrírí yín

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Lẹ́yìn ìsìnkú ìyá wa àgbà, èmi ni wọ́n gbé àpótí fọ́tò wọn fún. Mẹ́rin-mẹ́rin ni mo ń tẹ́ wọn sínú síkánà, ẹ̀rọ tó ń sọ fọ́tò di fáìlì kọ̀ǹpútà, kí iṣẹ́ lè yá, ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ń di fáìlì kan ṣoṣo. Mo kọ́kọ́ ń fọwọ́ gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́, mi ò tíì gé ogún. Àbúrò mi ló wá fi hàn mí pé Photoshop, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, lè dá a ṣe: ẹ tẹ File, ẹ tẹ Automate, kí ẹ wá mú Crop and Straighten Photos. Á yà wọ́n, á sì tún na èyí tó bá wọ́.

Ó ṣiṣẹ́ o, àfi lórí àwọn fọ́tò àtijọ́ tí etí wọn funfun yípo. Ìdérí síkánà náà funfun, kọ̀ǹpútà ò wá mọ ibi tí fọ́tò parí sí. Ọ̀kan wà tí ìyá àgbà wọ aṣọ funfun, tí wọ́n jókòó síwájú ògiri funfun. Nígbà tí mo ṣí fáìlì rẹ̀, gèlè wọn ti lọ, èjìká wọn kan ti lọ. Ọkàn mi bàjẹ́. Páálí dúdú ló yọ mí: mo tẹ́ ẹ lé ẹ̀yìn fọ́tò kí n tó pa ìdérí dé, mo sì ń fi àyè ìka kan sílẹ̀ láàárín wọn. Bí mo ṣe rí gèlè wọn padà nìyẹn.

Èsì kejì: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. GIMP, ètò àtúnṣe fọ́tò mìíràn, ni èmi ń lò, torí ọ̀fẹ́ ni. Divide Scanned Images lorúkọ ohun tó ń yà wọ́n níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa fi kún un fúnra yín. Mo máa ń fi síkánà sí 300 dpi (iye ààmì tó ń yà nínú íǹṣì kan). Fọ́tò páásípọ́ọ̀tù, 600.

Èsì kẹta: Ẹ má gbàgbé ẹ̀yìn fọ́tò o! Ibẹ̀ ni bàbá mi ń kọ orúkọ àti ọdún sí. Ní báyìí, tí mo bá ti ya iwájú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán, mo ń dojú ìkọ̀ọ̀kan dé síbi tó wà, mo sì ń ya ẹ̀yìn náà. Ibẹ̀ ni mo ti rí orúkọ ọkùnrin tó dúró ti bàbá mi níwájú Mápó, n'Íbàdàn, tí ẹnikẹ́ni nílé wa ò dá mọ̀ mọ́.