Àbájáde: irinṣẹ́ fún okùn dídì tín-ín-rín

Ìbéèrè mi ni pé kí ló lè fa ìrù okùn dídì 2 mm, tí inú rẹ̀ ṣófo, wọ inú ara rẹ̀ láti fi ṣe ojú okùn, ìyẹn òrùka níparí rẹ̀. Ẹ ṣé gbogbo yín. Ibi tó parí sí rèé.

Okùn gìtá onírin ló borí, èyí tí wọn ò wé wáyà kankan mọ́ lára. Ẹ gé 50 cm, ẹ ká a sí méjì, kí ẹ fi píláyà fún ibi tó ká kó lè rí ṣóńṣó. Wáyà rírọ̀ tí wọ́n fi ń di irin ilé, tó kún ọjà Akẹ̀sán, kò wúlò: bó bá ti ń fà, ó ń nà ni. Abẹ́rẹ́ onihò tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ yìí dára, àmọ́ èyí tó bá nípọn ju inú okùn lọ ń há.

Dyneema (irú fọ́nrán oníke alágbára kan tí wọ́n fi ń dì okùn) ń yọ̀ púpọ̀, nítorí náà ìrù tó máa wọlé gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po 72 ìbú okùn: fún 2 mm, ẹ ka 15 cm. Ẹ ti wáyà bọ̀ ọ́ láti ọ̀nà jíjìn, kó jáde lẹ́bàá ojú okùn, kó gbé ìrù padà. Kí ẹ tó fà á, ẹ gé fọ́nrán díẹ̀díẹ̀ kúrò níparí ìrù. Bí kò bá tẹ́ẹ́rẹ́, ibẹ̀ ni okùn ti máa ń já. Lẹ́yìn náà, ẹ fọwọ́ ra á láti ojú okùn lọ síwájú títí ìrù á fi wọlé tán.

Ẹ rán ọrùn rẹ̀, ibi tí ìrù ti wọlé lẹ́bàá ojú okùn, pẹ̀lú òwú. Bí kò bá sí ẹrù lórí rẹ̀, ìrù lè yọ jáde.