"Bọ́ oyè sílẹ̀" ni, kì í ṣe "fi oyè sílẹ̀": bí a ó ṣe kọ ìtàn Alec Douglas-Home

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni bí a ó ṣe kọ ìtàn ìgbésí ayé Alec Douglas-Home, tó jẹ́ olóòtú ìjọba ilẹ̀ Britain nígbà kan rí, ní Yorùbá, pàápàá ohun tó ṣe ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 1963, tó yọ ọrùn ara rẹ̀ kúrò nínú oyè Earl ti Home, oyè tó jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, kó lè bá wọn jókòó nílé aṣòfin tí ará ìlú ń dìbò yàn (House of Commons). Àbá mẹ́ta ló ti jáde: "wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè", "ó kọ oyè", "ó fi oyè sílẹ̀". N kò fara mọ́ ìkankan nínú wọn, torí òfin tí ọkùnrin náà lò kò ní ìbejì nínú oyè jíjẹ tiwa.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ gbé "rọ̀ lóyè" kúrò nílẹ̀. Ẹni tí wọ́n rọ̀ lóyè kò fẹ́ kúrò, Home sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé ni. "Kọ oyè" náà kò bá a mu, nítorí ẹni tó kọ oyè kò jẹ ẹ́ rí. Home ti jẹ Earl kẹrìnlá láti oṣù keje ọdún 1951 tí bàbá rẹ̀ ti kú, ọdún méjìlá ó lé díẹ̀ ló sì fi wà nílé àwọn olóyè (House of Lords).

"Fi oyè sílẹ̀" ló ń tanni jẹ jù, torí pé ó dùn létí. Bí ọba bá fi oyè sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ohun tí gbogbo ènìyàn máa rò ni pé àyè ti ṣófo, kí àwọn afọbajẹ máa wá ẹlòmíì. Òfin Oyè ọdún 1963, tí Ọbabìnrin fọwọ́ sí ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún náà, kò gba bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá lò ó pàdánù oyè àti ẹ̀tọ́ inú rẹ̀ títí tó fi máa kú, ti ìyàwó rẹ̀ náà bá a lọ, kò sì lè yí ọ̀rọ̀ padà lọ́la. Síbẹ̀ oyè náà kò kọjá sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nígbà tó ṣì wà láàyè. Láti ọdún 1963 títí di ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá ọdún 1995 tí Alec kú, kò sí Earl ti Home kankan. Ọjọ́ tó kú ni David ọmọ rẹ̀ di Earl kẹẹ̀ẹ́dógún. Kẹrìnlá ni bàbá, kẹẹ̀ẹ́dógún ni ọmọ, a kò fo ẹnì kankan láàrin wọn, síbẹ̀ oyè kò lọ́rùn tó wà fún nǹkan bí ọdún 32.

Ìdí nìyí tí mo fi dábàá "bọ́ oyè sílẹ̀". Aṣọ tí bàbá bọ́ sílẹ̀ kò di ti ọmọ títí bàbá yóò fi lọ. Ẹnì kan lè sọ pé aṣọ tí a bọ́ ṣeé tún wọ̀, oyè yìí kò sì ṣeé tún jẹ. Òótọ́ ni. Nítorí náà, níbi àkọ́kọ́ tí gbólóhùn náà bá ti jáde nínú àpilẹ̀kọ, kí a kọ ọ́ báyìí: "ó bọ́ oyè sílẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀". Lẹ́yìn ìyẹn, "bọ́ oyè sílẹ̀" nìkan ti tó.

Ìtàn Tony Benn, olóṣèlú ẹgbẹ́ Labour, ló jẹ́ kí n rí i kedere pé a nílò ọ̀rọ̀ méjì. Nígbà tí bàbá rẹ̀, Viscount Stansgate, kú ní oṣù kọkànlá ọdún 1960, oyè já lé e lórí, àyè rẹ̀ nílé aṣòfin sì bọ́. Ó ní òun kò jẹ ẹ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1961 ó tún wọlé ìbò ní Bristol South East, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ gbé àyè náà fún Malcolm St Clair tó fìdí rẹmi. Fún ọdún tó fi ń jà yẹn, "ó kọ oyè, òfin kò gbà fún un" ló tọ́. Ní ọjọ́ tí òfin tuntun jáde gan-an ló bọ́ ọ sílẹ̀.

Ẹ má sì kọ ọ́ bí ẹni pé ìgbà tó bá wu èèyàn ló lè ṣe é. Oṣù 12 ni ẹni tí oyè ṣẹ̀ṣẹ̀ já lé lórí ní. Oṣù kan péré ni tó bá ti wà nílé aṣòfin, kí wọ́n tó yí òfin náà padà ní 1999. Ẹni tó ti wà lórí oyè kí òfin tó dé, bíi Home, ní oṣù 12 láti ọjọ́ òfin náà.

"Oyè ìdílé" fún irú oyè yìí náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ oyè pọ̀ nínú ìdílé, ó ń yí láti ilé dé ilé, àwọn afọbajẹ ló sì ń yàn. Ti Home kò ní ìyàn nínú: àkọ́bí ọkùnrin ló ń bọ́ sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí bàbá bá kú. "Oyè àrólé" ló sún mọ́ ọn. Ẹlòmíì wá sọ pé kí a pe oyè tí kì í kọjá sọ́mọ ní "oyè aláìlárólé". Háà, ìyẹn dún bí èpè. "Oyè ìgbà ayé ẹni" ni kí a lò. Ní ti "Sir", tó gbà ní 1962 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ Thistle ti ilẹ̀ Scotland, "oyè ìdánilọ́lá" ti tó láti pè é. Òfin 1963 kò fọwọ́ kàn án, òun ló fi di Sir Alec.

Láti 1918 títí di 1951, Lord Dunglass ni wọ́n ń pè é. Bí a bá kọ "Olóyè Dunglass", òǹkàwé máa béèrè bí olóyè ṣe ń ṣojú ẹkùn Lanark láti 1931. Orúkọ àpọ́nlé ni, torí pé bàbá rẹ̀ ló ni oyè. Ilé àwọn olóyè náà kì í ṣe "Ilé Ìgbìmọ̀ Lọ́balọ́ba" bíi ti Ìbàdàn láyé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Kò sí ọba níbẹ̀. Earl pẹ̀lú kì í ṣe baálẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ Earl.

Kí a tò ó bó ṣe rí: ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ló di olóòtú ìjọba, ọjọ́ 23 ló bọ́ oyè, ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ni wọ́n dìbò ní Kinross àti West Perthshire. Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, olóòtú ìjọba kò sí nílé aṣòfin kankan. Ìdìbò ìrọ́pò ni ti Kinross, kì í ṣe àtúndì ìbò, torí aṣojú ibẹ̀ ló kú. George Younger tí ẹgbẹ́ Conservative, ẹgbẹ́ Home, ti fà kalẹ̀ níbẹ̀ ló yẹ̀ fún un.

Ẹ má yọ "kẹrìnlá" kúrò níbi kankan. Nígbà tí Harold Wilson, olórí ẹgbẹ́ Labour tó ń ta kò ó, ń fi Earl kẹrìnlá bú u, èsì rẹ̀ ni pé bóyá Wilson náà ni Ọ̀gbẹ́ni Wilson kẹrìnlá. Láìsí nọ́ńbà, èsì náà kú.

Ní 1974 ó padà sílé àwọn olóyè, ṣùgbọ́n kò padà sórí oyè bàbá rẹ̀. Báyìí ni màá kọ ọ́: "Wọ́n fi í jẹ Baron Home ti Hirsel, oyè ìgbà ayé ẹni, oyè àrólé tó bọ́ sílẹ̀ ṣì ń dúró de ọmọ rẹ̀."