Wi-Fi hóstẹ́ẹ̀lì ò jẹ́ kí àbúrò mi wọ sáfà géèmù mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí

Ẹ̀yin ará, ẹ káalẹ́ o. Òkè-Báálẹ̀ l'Óṣogbo níbí ni mò ń gbé. Mo gbé sáfà géèmù Minecraft Java (ètò tó ń jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn wọlé wá báni ṣeré) sórí láàpútọ́ọ̀pù mi kémi àti àbúrò mi tó wà n'Íbàdàn lè jọ máa ṣeré lálẹ́, torí àtìgbà tí mo ti kúrò nílé òun nìkan ló kù síbẹ̀, àárò ẹ̀ sì ń sọ mí gan-an. Lọ́dọ̀ tèmi ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ tóun bá ti tẹ IP (nọ́ńbà àdírẹ́sì ẹ̀rọ) tí mo fún un, á kàn máa yí, á yí, á yí, nígbà tó bá yá á kọ "Connection timed out". Mo ti pa firewall Windows (ẹ̀ṣọ́ tó ń dí àjèjì lọ́nà), mo ṣí port 25565 (ẹnu ọ̀nà tí géèmù náà ń gbà), pàbó. Mo tún fi hotspot fóònù dán an wò, bákan náà ni. Kí ni kí n ṣe?

Bọ̀dá Alékúwodò: Àbúrò, kọ́kọ́ lọ tan firewall Windows ẹ padà, kò mọwọ́mẹsẹ̀. Wi-Fi hóstẹ́ẹ̀lì dà bí ilé tó ní mégàádì, ẹni tó bá tinú ilé jáde, wọ́n á jẹ́ kó padà wọlé, àmọ́ àlejò tó bá ṣàdédé wá kanlẹ̀kùn, wọn ò ní dá a lóhùn. Hotspot ńkọ́, CGNAT nìyẹn, èèyàn rẹpẹtẹ ló jọ ń lo IP kan ṣoṣo. Ẹ̀yin méjèèjì ẹ fi Tailscale, áàpù tó ń so ẹ̀rọ pọ̀ bí ẹni pé ilé kan náà ni wọ́n wà, sórí ẹ̀rọ yín, torí inú ilé ni ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan á ti jáde lọ pàdé èkejì. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 100 tó bá fún ẹ ni kó tẹ̀, kó fi :25565 sí i.

Ìyá Ìbejì: Tí wọ́n bá ti dí UDP, ọ̀nà tí Tailscale kọ́kọ́ máa ń gbìyànjú láti gbà, pa níbẹ̀ ńkọ́ sà?

Bọ̀dá Alékúwodò: Tailscale á gba port 443 kọjá mà, ojú ọ̀nà tí wẹ́ẹ̀bù gbogbo ń gbà, á kàn lọ́ra díẹ̀ ni.

Ọmọ Òròkí: Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pọ̀, playit.gg, tó ń fún sáfà ẹ ní àdírẹ́sì tí èèyàn lè gbà wọlé láti ibikíbi, rọrùn ju ìyẹn lọ, àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣeré ò ní fi nǹkan kan sórí ẹ̀rọ tiwọn. Àmọ́ jọ̀ọ́, tan whitelist (orúkọ àwọn tó o gbà láàyè nìkan), torí láìsí i, ẹni tó bá ti rí àdírẹ́sì yẹn lè wọlé o. Kó o sì sọ fún ẹni tó ń bójú tó Wi-Fi yẹn kó o tó ṣe é, ilé onílé ni.

Ẹni tó béèrè: Mo sọ fún wọn, wọ́n ní kò burú. Tailscale ṣiṣẹ́! Nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ló wọlé, ohun tó kọ́kọ́ tẹ̀ ni "ẹ̀gbọ́n mi, ibo lẹ wà?", ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í gé igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí mo kọ́. Ẹ ṣé gan-an ni.